Àtúnyẹ̀wò Awẹ́ Gbólóhùn Aṣàpèjúwe àti Gbólóhùn Afaragbà nínú Gírámà Ìyídà ti Èdè Gẹ̀ẹ́sì

1.0 Ìfáàrà

Láti ìgbà tí Noam Chomsky ti tẹ ìwé rẹ̀ Syntactic Structures jáde ní 1957, àti pàápàá láti ìgbà tí Aspects of the Theory of Syntax ti tẹ̀ lé e ní 1965, ìhun méjì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé gírámà kò lè ṣe kó máà ní òfin ìyídà. Ọ̀kan ni gbólóhùn afaragbà, èyí tí olùwà rẹ̀ kì í ṣe olùṣe bí kò ṣe ẹni tàbí ohun tí ó fara gba iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀-ìṣe sọ. Èkejì ni awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe, èyí tí ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ láti fi yà á sọ́tọ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn tí Chomsky fi ṣàlàyé ìhun ìpìlẹ̀ nínú ìwé ti 1965 pàápàá ní awẹ́ aṣàpèjúwe kan àti afaragbà méjì nínú. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ìhun méjèèjì. E jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ mẹ́ta:

1. The clerk wrote the letter.
2. The letter was written by the clerk.
3. the letter which the clerk wrote

Nínú 1, àbọ̀ wà níbi tí ó yẹ kí àbọ̀ wà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú 2 àti 3, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ṣófo, lẹ́tà sì ti wà ní iwájú. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé àlàfo inú 2 àti àlàfo inú 3 kò rí bákan náà. Pé ibi tí àwọn ìhun méjèèjì ti pàdé ní tòótọ́ kì í ṣe inú òfin ìyídà bí kò ṣe inú ohun tí ipò olùwà ń ṣe nínú gbólóhùn. Àti pé àìmọ ìyàtọ̀ yìí ti mú kí á máa wá gbólóhùn afaragbà nínú èdè Yorùbá níbi tí kò sí.

2.0 Gbólóhùn Afaragbà: Láti 1957 Títí di Òní

2.1 Òfin ti 1957

Òfin tí Chomsky gbé kalẹ̀ ní 1957 kò ṣòro láti sọ. Mú gbólóhùn olùṣe. Jẹ́ kí àbọ̀ àti olùwà pààrọ̀ ipò. Fi ‘by’ síwájú olùwà àtijọ́. Kí o sì fi ‘be’ àti àfòmọ́ ‘-en’ kún ọ̀rọ̀-ìṣe. Ìdí tí ó fi yan ọ̀nà yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí gírámà bá to gbólóhùn olùṣe àti afaragbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò ní láti sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì: pé akọ̀wé lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò lè kọ akọ̀wé. Ìdí nìyí tí gbólóhùn 4 àti 5 fi burú lọ́nà kan náà:

4. *The letter wrote the clerk.
5. *The clerk was written by the letter.

Bí ó bá jẹ́ pé láti ara 4 ni 5 ti jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré ni gírámà yóò sọ ọ́. Àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré, kò sì sí alátakò kan tí ó lè fọwọ́ rọ́ ọ tì láìsọ ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

2.2 Ìṣòro ìtumọ̀

Ọwọ́ tí ìtumọ̀ mú wá ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bí 6 àti 7 bá jẹ́ ọ̀kan náà ní ìpìlẹ̀, kí ló dé tí etí olùgbọ́ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀?

6. Every student read one book.
7. One book was read by every student.

Nínú 6, ó rọrùn láti gbà pé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kà yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀. Nínú 7, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ kà. Chomsky fúnra rẹ̀ ti rí irú ìyàtọ̀ báyìí ní 1957, ó sì fi ṣe ẹ̀rí pé ìyídà lè yí ìtumọ̀ padà. Nígbà tí Katz àti Postal wá sọ ní 1964 pé ìyídà kò gbọdọ̀ yí ìtumọ̀ padà, ó di dandan kí á fi àmì kan sínú ìhun ìpìlẹ̀ tí yóò pe afaragbà jáde. Inú àpólà àpọ́nlé tí ó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan ni Chomsky fi àmì náà sí ní 1965. Ó ní ìdí nìyí tí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi ‘resemble’ àti ‘weigh’ kò fi ní afaragbà: wọn kì í gba irú àpọ́nlé bẹ́ẹ̀.

Àlàyé yìí kò lè dúró. Ẹ wo 8 àti 9:

8. *The doctor owns the house carefully.
9. The house is owned by a doctor.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘own’ kọ àpọ́nlé tí ó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan, síbẹ̀ ó gba afaragbà láìjanpata. Bákan náà ni ‘know’ rí. Bí àmì tí a ní ó ń pe afaragbà kò bá sí nínú ilé, tí afaragbà sì jáde wá, a jẹ́ pé àmì náà kọ́ ni ó pè é.

2.3 Olùṣe tí a kò rí

Ìṣòro kejì jẹ mọ́ ‘by’. Òfin ti 1957 mú afaragbà tí ó ní olùṣe gẹ́gẹ́ bí ìyá, ó sì sọ èyí tí kò ní olùṣe di ọmọ rẹ̀, tí a rí nípa pípa ‘by’ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e jẹ. Ṣùgbọ́n Quirk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú A Grammar of Contemporary English ní 1972 pé nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún gbólóhùn afaragbà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò dárúkọ olùṣe. A kò lè fi iye nìkan bi òfin ṣubú, nítorí pé ohun tí ó ṣọ̀wọ́n lè jẹ́ ìpìlẹ̀ ohun tí ó wọ́pọ̀. Síbẹ̀, ó ń béèrè ìdáhùn: ṣé olùṣe tí a kò dárúkọ wà nínú gbólóhùn, àbí kò sí níbẹ̀ rárá?

Ìdáhùn wà nínú 10 àti 11:

10. The bridge was destroyed to stop the soldiers.
11. *The bridge collapsed to stop the soldiers.

Nínú 10, ẹnì kan wà tí ó ní èrò láti dá àwọn ọmọ-ogun dúró, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Nínú 11, kò sẹ́ni tí ó lè ní èrò náà, àfi bí afárá fúnra rẹ̀ bá lérò. Olùṣe inú 10 fara pamọ́ ni, kò kú. Ní ọ̀nà yìí, òye ti 1957 tọ̀nà ju bí àwọn alátakò rẹ̀ ṣe rò lọ. Baker, Johnson àti Roberts padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní 1989, wọ́n ní àfòmọ́ ‘-en’ gan-an ni ó gbé ipa olùṣe lọ́wọ́. Ní 2005 ni Collins sì dá àlàyé kan padà tí ó sún mọ́ ti àtijọ́, pé ipò kan náà tí olùwà gbólóhùn olùṣe ti bẹ̀rẹ̀ ni olùṣe inú afaragbà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wọ aṣọ afaragbà ni afaragbà:

12. The letter was unread.
13. *The clerk unread the letter.

Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe ‘unread’ tí 12 lè ti ara rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni èyí, inú àká-ọ̀rọ̀ ni a sì ti ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Wasow ti ṣàlàyé ní 1977. Oríṣi méjì ni afaragbà, nígbà náà. Bresnan lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1978, ó ní inú àká-ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀rí 10 kò jẹ́ kí ó rọrùn láti bá a lọ dé ibẹ̀, nítorí pé gbólóhùn bíi 12 kì í ní olùṣe tí ó fara pamọ́, 10 sì ní in.

3.0 Awẹ́ Aṣàpèjúwe àti Ọ̀rọ̀ Ìjìnnà

Bí a bá wá kọjú sí awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe, ohun àkọ́kọ́ tí a ó rí ni pé àlàfo rẹ̀ lè jìnnà sí orí rẹ̀ bí ó ti wù kí ó rí:

14. the letter which the teacher said that Bola believed that the clerk had written
15. *The letter was said that Bola believed that the clerk had written.

Awẹ́ mẹ́ta ni ó wà láàrin lẹ́tà àti àlàfo rẹ̀ nínú 14, kò sì pa gbólóhùn lára. Afaragbà kò lè fo irú odi bẹ́ẹ̀, bí 15 ti fi hàn. Àbọ̀ tí ó wà nítòsí ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ ni ó ń gbé ga. Kì í ṣe pé awẹ́ aṣàpèjúwe kò ní ààlà tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé tí Ross ṣe ní 1967, ó fi hàn pé awẹ́ aṣàpèjúwe kan kò lè mú nǹkan jáde láti inú awẹ́ aṣàpèjúwe mìíràn:

16. *the letter which the police arrested the clerk who wrote

Ṣùgbọ́n ààlà tí Ross rí yàtọ̀ pátápátá sí ti afaragbà. Chomsky gbà bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1977 lórí awẹ́ wọ̀nyí, àti nínú Lectures on Government and Binding ní 1981. Ó ní nínú afaragbà, ọ̀rọ̀-ìṣe ti pàdánù agbára tí ó fi ń fún àbọ̀ rẹ̀ ní àmì ipò, irú ìyàtọ̀ tí a ń rí láàrin ‘he’ àti ‘him’. Nítorí náà ni àbọ̀ fi ní láti kó lọ sí ipò olùwà tí ó ṣófo. Nínú awẹ́ aṣàpèjúwe, àbọ̀ ní àmì ipò tirẹ̀ lọ́wọ́. Etí awẹ́ ni ó ń lọ, kì í ṣe ipò olùwà. Síbẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni ó fi pe ìrìn méjèèjì, ó ní òfin kan náà ni.

Ibí ni ó yẹ kí á ti bi tíọ́rì náà léèrè. Bí gbogbo ohun tí ó ya ìhun méjèèjì sọ́tọ̀ bá wà lọ́wọ́ àwọn òfin mìíràn, kí ni ó kù tí òfin kan ṣoṣo náà ń ṣe? Ohun tí ó kù kò ju pé nǹkan kúrò níbì kan lọ. Àpẹẹrẹ 17 sí 20 sì fi hàn pé kíkúrò nìkan kò tó:

17. the chair which Bola sat on
18. the chair which Bola sat near
19. The chair was sat on.
20. *The chair was sat near.

Ọ̀rọ̀-atọ́kùn wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àlàfo sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awẹ́ aṣàpèjúwe gba méjèèjì. Afaragbà gba ‘on’, ó kọ ‘near’. Ìdí ni pé ẹni tí ó jókòó lórí àga ṣe nǹkan sí àga. Ẹni tí ó jókòó nítòsí rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Afaragbà ń béèrè pé kí olùwà tuntun jẹ́ ohun tí a lè sọ pé iṣẹ́ náà kàn. Awẹ́ aṣàpèjúwe kò béèrè irú ẹ̀ jẹ́ẹ́. Kí orí rẹ̀ ṣáà ti ní àyè kan nínú awẹ́ ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjìnnà, kì í sì í ṣe ti àmì ipò. Iṣẹ́ tí ìhun kọ̀ọ̀kan wà fún ni ó yàtọ̀.

4.0 Ibi tí Ìhun Méjèèjì ti Pàdé

Kò yẹ kí èyí mú wa rò pé wọn kò ní í ṣe pẹ̀lú ara wọn. Ẹ wo:

21. the letter which was written by the clerk
22. the letter written by the clerk

Àlàyé àtijọ́ ni pé a pa ‘which’ àti ‘was’ jẹ nínú 21 kí á tó rí 22. Kò ṣòro láti rí ìdí tí àlàyé náà fi wu ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó kọsẹ̀ lórí 23 àti 24:

23. a farmer owning three houses
24. *a farmer who is owning three houses

Bí 24 kò bá sí, láti ibo ni a ti pa nǹkan jẹ kí á tó rí 23? Ìhun tí ó wà nínú 22 àti 23 ní láti jẹ́ irú awẹ́ aṣàpèjúwe kan tí ó dá dúró, tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kò fi àkókò hàn.

Ìmọ̀ tí ó wúlò jù lọ níbí ni ti Keenan àti Comrie, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977. Wọ́n to àwọn ipò inú gbólóhùn ní ìpele-ìpele: olùwà ni ó ga jù, àbọ̀ tẹ̀ lé e, àwọn yòókù sì wà nísàlẹ̀. Bí èdè kan bá lè ṣe awẹ́ aṣàpèjúwe láti ipò olùwà nìkan, bí èdè Malagasy ti ilẹ̀ Madagascar, yóò ní láti gbé àbọ̀ ga sí ipò olùwà kí ó tó lè fi awẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ohun tí ó ń gbé e ga ni irú ìhun bí afaragbà. Àwọn tí ó ka iṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ pé kò kan èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe awẹ́ aṣàpèjúwe láti gbogbo ipò wọ̀nyí. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ awẹ́ tí ó pé ni à ń wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo awẹ́ tí kò fi àkókò hàn:

25. the clerk writing the letter
26. *the letter the clerk writing
27. the letter being written by the clerk

Nínú irú awẹ́ yìí, olùwà nìkan ni àlàfo lè wà fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣàpèjúwe àbọ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó sọ àbọ̀ di olùwà, ìyẹn ni kí ó lo afaragbà. Èdè Malagasy wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, a lè sọ, ní igun kékeré kan. Ibi tí ìhun méjèèjì ti di ọwọ́ ara wọn mú nìyí: afaragbà ń pèsè olùwà, awẹ́ kúkúrú sì ń fẹ́ olùwà. Òfin tí ó ń pa ọ̀rọ̀ jẹ kò lè rí èyí, nítorí pé ohun tí a gé kúrò ni ó ń wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùka náà. Bever ti fi hàn ní 1970 pé awẹ́ kúkúrú lè ṣi òǹkàwé lọ́nà bí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ bá jọ èyí tí ó fi àkókò hàn:

28. The soldiers marched across the bridge collapsed.

Òǹkàwé yóò ti gba ‘marched’ ní olórí ọ̀rọ̀-ìṣe kí ó tó kan ‘collapsed’. Irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ kò sí nínú 22, nítorí pé ‘written’ yàtọ̀ sí ‘wrote’. Kì í ṣe ìhun ìpìlẹ̀ ni ó gba òǹkàwé là bí kò ṣe àmì tí ojú lè rí.

5.0 Ohun tí Ó Kan Èdè Yorùbá

Bí afaragbà bá jẹ́ ohun tí a ti ṣàlàyé yìí, kò tọ́ láti pe gbólóhùn 29 ní afaragbà, bí àwọn kan ti ń ṣe nítorí pé òun ni a fi ń túmọ̀ afaragbà èdè Gẹ̀ẹ́sì:

29. Wọ́n na ọmọ náà.
30. Wọ́n nà án.

Ẹ fi arọ́pò-orúkọ rọ́pò ‘ọmọ náà’, bí ó ti rí nínú 30, ẹ ó rí i pé àbọ̀ ni ó jẹ́ síbẹ̀. Kò gòkè, kò sì sí àmì kankan lára ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun kan ṣoṣo tí ó bá afaragbà mu ni pé a kò dárúkọ olùṣe ní pàtó. Àìní ìhun yìí kì í ṣe àbùkù. Èdè Yorùbá kò nílò àtẹ̀gùn tí ó ń gbé àbọ̀ ga, nítorí pé ‘tí’ ń dé ọ̀dọ̀ àbọ̀ níbi tí ó wà: ‘ìwé tí akọ̀wé kọ’, ó ń dé ọ̀dọ̀ olùwà: ‘akọ̀wé tí ó kọ ìwé’, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ oní-nǹkan: ‘akọ̀wé tí ìwé rẹ̀ sọnù’.

Ìpalára ń bẹ nínú àṣìpè yìí fún àwọn atúmọ̀ èdè. Ẹni tí ó gbà pé ‘a’ jẹ́ àmì afaragbà lásán ni yóò kọ gbólóhùn bíi 31, irú èyí tí kò ṣọ̀wọ́n mọ́ nínú ìròyìn àti ìwé ìjọba:

31. ?A kọ ìwé náà láti ọwọ́ akọ̀wé.

Olùṣe méjì ni ó wà nínú 31, ‘a’ àti ‘akọ̀wé’, wọ́n sì ń jìjàdù iṣẹ́ kan ṣoṣo. ‘Akọ̀wé ni ó kọ ìwé náà’ ti tó, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó gbé akọ̀wé sí ojútáyé, bí afaragbà tí ó ní ‘by’ ti sábà máa ń ṣe ní ìparí gbólóhùn. Ní ti afaragbà tí kò ní olùṣe, ìṣòro mìíràn ni ó mú wá:

32. Three students were expelled.
33. Wọ́n lé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn 32, ìbéèrè nípa ẹni tí ó lé wọn lè sùn lọ fọnfọn. Lẹ́yìn 33, olùgbọ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lè dì mú: ta ni ‘wọ́n’? Atúmọ̀ èdè kò lè dá ìyàtọ̀ yìí nù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ̀ pé ó wà, pàápàá ní kóòtù, níbi tí ẹni tí ó ṣe nǹkan ti jẹ́ gbogbo ẹjọ́.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ ńlá ni gírámà ìyídà ṣe nígbà tí ó pe àkíyèsí sí ìbátan tí ó wà láàrin 1, 2 àti 3. Ohun tí bébà yìí takò ni fífi orúkọ kan bo ìbátan méjì mọ́lẹ̀. Afaragbà ń tún ipò tò láàrin awẹ́ kan, ó ń yan ohun tí iṣẹ́ kàn, ó sì ń fi olùṣe pamọ́ láìpa á. Awẹ́ aṣàpèjúwe ń so awẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó lè jìnnà, kò sì bìkítà nípa ẹni tí iṣẹ́ kàn. Ipò olùwà ni wọ́n ti pàdé, inú awẹ́ kúkúrú ni a sì ti rí ìpàdé náà kedere. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní í wá afaragbà sínú èdè Yorùbá mọ́. Yóò béèrè dípò bẹ́ẹ̀ pé, kí ni afaragbà ń ṣe nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí sì ni èdè Yorùbá fi ń ṣe iṣẹ́ náà.